Mo fi patch (àtúnṣe kóòdù) ránṣẹ́, àkíyèsí 14 ni wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀: ṣé wọn ò fẹ́ mi ni?

ỌmọÒròkí:

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àtẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tó wà níbí. Òṣogbo ni mo wà, ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù àti láptọ́ọ̀pù ṣe kò jìnnà sí Ọláìyá, mo sì ti ń kọ́ kóòdù kíkọ fúnra mi láti ọdún 3 sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí i.

Áàpù kan wà tí mo fi ń kọ nǹkan sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, orúkọ oníbàárà, ohun tó bàjẹ́ lára fóònù ẹ̀, iye tó san, iye tó kù. Ọ̀fẹ́ ni áàpù yìí, àwọn tó ń ṣe é ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó bá wù lè tún un ṣe kó fi ránṣẹ́ sí wọn. Yorùbá ni mo fi ń kọ tèmi, pẹ̀lú àmì ohùn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí mo bá fi fóònù kọ orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀ṣun, tí mo wá dé ìdí láptọ́ọ̀pù tí mo ní kó bá mi wá Ọ̀ṣun, á ní òun ò rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ó wà ńbẹ̀, mò ń fojú ara mi wò ó! Ẹ̀yin náà sì mọ iye èèyàn tí orúkọ ẹ̀ fi Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ ní ìlú yìí.

Mo wá jókòó tì í. Ọ̀sẹ̀ 2 gbáko, alaalẹ́, tí wọ́n bá múná lọ màá tan jẹnẹrétọ̀, títí mo fi rí ibi tó ti ń wá ọ̀rọ̀, mo kọ kóòdù tó ń yọ gbogbo àmì dànù kó tó fi ọ̀rọ̀ méjì wéra, ló bá ṣiṣẹ́. Inú mi dùn gan-an. Bí mo ṣe wà ńbẹ̀ náà ni mo rí i pé kóòdù wọn rí wúruwùru níbì kan, mo bá wọn tò ó, mo yí orúkọ àwọn function kan (apá kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan) padà kó lè yéèyàn, mo tún túmọ̀ mẹ́nù ẹ̀ sí Yorùbá. Mo di gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan, mo fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ 9, kò sẹ́ni tó fọhùn. Ọjọ́ kẹwàá lẹnìkan dé, ó kọ àkíyèsí 14 sí i. Kò kí mi, kò dúpẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ kọ ò ju "pín in" lọ. Ó tún kọ "kí ló dé tí orúkọ yìí fi yí padà". Ọ̀kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé àlàfo tí mo fi sí ìparí ìlà ló ń bá mi fà. Èyí tó wá dùn mí wọ eegun ni ibi tó ti béèrè pé ṣé àwọn àmì yìí ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà àbí wọn ò yí i padà. Lójú mi ńṣe ló dà bíi pé ó ń bi mí pé kí lèdè mi wúlò fún. Mi ò dá a lóhùn. Òní ló pé ọjọ́ 21 tí mo ti fi ránṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyí, àbí torí pé wọ́n rí orúkọ mi ni? Ta ló ń yẹ kóòdù yìí wò gan-an, kí ló ń wò, kí ló sì dé tó fi ń pẹ́ tó báyìí? Ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ ni?

ỌmọAláró:

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o kú ìnáwó epo náà. Má fi wọ́n sílẹ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó ń mójú tó project kékeré kan, àwa 3 là ń ṣe é, ẹnikẹ́ni ò sanwó fún wa, mo níṣẹ́ tí mò ń jẹ, mo lọ́mọ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni mo sábà ń ráyè ka ohun táwọn èèyàn fi ránṣẹ́. Torí náà jẹ́ n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ ẹni tó ń kà á fún ẹ.

Màmá mi, aláró ni, ní Òṣogbo níbẹ̀, ìkòkò aró 3 ló wà lẹ́yìn ilé wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Àdìrẹ oníko ló ń ṣe jù. Àwọn ọmọṣẹ́ á ti di aṣọ tán, wọ́n á ti fi ìko wé e mọ́ra pinpin, gbogbo ẹ̀ á rí kókó kókó, wọ́n á wá kó o wá fún un. Kò ní tì í bọ aró o. Á jókòó sórí àpótí, á gbé aṣọ náà lé ẹsẹ̀, á wá máa fi àtàǹpàkò tẹ kókó kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, láìsọ nǹkan kan. Èyí tó bá dẹ̀, á tú u, á na aṣọ náà sí ẹni tó dì í, "tún un dì". Kò ní ṣàlàyé. Mo rí ọmọṣẹ́ tuntun tó ń sunkún nítorí ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àmọ́ ibi tí aró bá ti wọ̀ tí kò yẹ kó wọ̀, kò sí ọṣẹ tó lè yọ ọ́, orúkọ màmá mi sì laṣọ náà ń jẹ́ lọ́jà, kì í ṣe orúkọ ọmọṣẹ́.

Bí merge, ìyẹn gbígba kóòdù wọlé, ṣe rí nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti gba kóòdù ẹ wọlé, ó ti di ẹrù wọn. Ìwọ lè ríṣẹ́ lọ sí Èkó lọ́la kó o má bojú wẹ̀yìn mọ́, kò sẹ́ni tó máa mú ẹ, àmọ́ tó bá bàjẹ́ ní ọdún 4 sí i, ẹnu ọ̀nà wọn làwọn tó ń lo áàpù náà máa wá pariwo sí. Ohun tí ẹni yẹn ń wò nìyẹn, kì í ṣe pé ṣé o gbọ́n, ohun tó ń rò ni pé tí ọmọ yìí ò bá sí mọ́, ṣé màá lè tún nǹkan yìí ṣe fúnra mi?

Ìdí tó fi ní kó o pín in náà nìyẹn. Nǹkan 4 lo dì pọ̀: wíwá ọ̀rọ̀, títò kóòdù, orúkọ tó yí padà, ìtumọ̀ mẹ́nù. Tí wíwá ọ̀rọ̀ bá dá wàhálà sílẹ̀ lọ́la tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́ kúrò, ìtumọ̀ Yorùbá tó o ṣe á bá a lọ. Ẹni tó sì ń kà á, orúkọ tó yí padà ní igba ìlà á bo ìlà 6 tó ṣe pàtàkì mọ́lẹ̀, ojú ẹ̀ á fò ó. Ibi tí àléébù máa ń gbà wọlé gan-an nìyẹn. Ẹ rántí Heartbleed, àléébù tó hàn síta ní April 2014, nínú OpenSSL táwọn ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ìkọ̀kọ̀ àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò. Ìparí ọdún 2011 ni kóòdù yẹn wọlé. Ẹnìkan kọ ọ́, ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà á, àwọn méjèèjì ò rí i pé kóòdù yẹn ò wo bóyá gígùn ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń béèrè nǹkan sọ pé òun fi ránṣẹ́ jẹ́ òótọ́. Ó lé lọ́dún 2 tó fi wà ńbẹ̀. Aláfẹ́ṣe ni púpọ̀ nínú wọn, ọwọ́ wọn ò sì pọ̀.

Ní ti pé ó ń pẹ́, wo Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991. Ímeèlì ni wọ́n ṣì fi ń gba patch títí dòní. Inú lẹ́tà gan-an ni kóòdù máa ń wà, wọn ò fẹ́ kéèyàn so fáìlì mọ́ ọn, kí ẹni tó ń kà á lè kọ èsì ẹ̀ sábẹ́ ìlà tó kàn án. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní alábòójútó tiẹ̀, tàwọn tó ń rí sí USB ọ̀tọ̀, ti network ọ̀tọ̀, kódà wọ́n ní script kan, get_maintainer.pl, tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju pé kó sọ fún ẹ ẹni tó yẹ kó o kọ lẹ́tà sí. Alábòójútó yẹn á yẹ̀ ẹ́ wò, á tọ́jú ẹ̀, á wá kó tiẹ̀ jọ fún Linus. Tí version kan bá jáde, ọ̀sẹ̀ 2 péré ni Linus fi ń gba nǹkan tuntun wọlé, lẹ́yìn ìyẹn àtúnṣe nìkan ló kù tó máa gbà, ìyẹn á sì tún gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 7 kí version tó kàn tó jáde. Tó o bá fi tìẹ ránṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 yẹn, dídúró ló kàn, bó ò tiẹ̀ ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ sílẹ̀ fúnra wọn ni pé kó o ní sùúrù bí ọ̀sẹ̀ kan kó o tó rán wọn létí. Torí náà ọjọ́ 9 tí o dúró yẹn, mo mọ̀ pé ó ń dunni, àmọ́ kò pọ̀ lójú ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí.

Àlàfo ìparí ìlà yẹn náà, má bínú sí i. Linux ní checkpatch.pl tó ń wá irú ẹ̀, o lè fi yẹ tìẹ wò kó tó kúrò lọ́dọ̀ ẹ. Ọ̀pọ̀ project ló nírú ẹ̀, wò ó bóyá tìẹ náà ní. Ó sàn kí ẹ̀rọ bá ẹ wí ju kí èèyàn fi àkókò ẹ̀ bá ẹ wí lọ.

ÀmìOhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ aláró. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè tó dun àbúrò wa jù yẹn, pé ṣé àwọn àmì yìí ń yí ìtumọ̀ padà. Àbúrò, nínú 14 tó kọ, òun ló dáa jù. Ẹni yẹn ò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ ó rí ibi tí kóòdù ẹ ti fẹ́ ṣe wá ní jàǹbá.

O ní o yọ gbogbo àmì dànù kó tó wéra. Ó dáa. Kọ ọkọ, kọ ọkọ̀, kọ ọkọ́, kọ ọ̀kọ̀, kọ oko. Yọ àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ kúrò lára wọn. Kí ló kù? oko, oko, oko, oko, oko. Ọkọ ìyàwó, ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀, ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun, àti oko fúnra ẹ̀, gbogbo wọn ti di ọ̀kan. Awakọ̀ tó bá kọ ìnáwó ọkọ̀ ẹ̀ sínú áàpù yẹn tó sì wá "ọkọ̀", á máa rí ọkọ ìyàwó àti owó oko nínú ẹ̀. Ìwọ ò rí i torí pé orúkọ èèyàn lo fi dán an wò, kò sì sí orúkọ méjì tó jọra tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ẹ.

Ohun tó ń ṣe áàpù yẹn gan-an rèé. Lójú èèyàn, Ọ̀ kan ṣoṣo la rí. Kọ̀ǹpútà ní ó kéré tán ọ̀nà 3 tó lè gbà tọ́jú ẹ̀: O lásán tí wọ́n fi àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè tẹ̀ lé, tàbí Ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi àmì òkè kún, tàbí Ò tó ti ní àmì òkè tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi àmì ìsàlẹ̀ kún. Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ní ẹ tó dá dúró, U+1EB9 ni nọ́ńbà ẹ̀, ó ní ọ náà, ó ní ṣ, àmọ́ ẹ̀ tàbí ọ́ tí wọ́n ti so pọ̀ lódindi kò sí nínú ẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ kó méjì jọ ni. Kíbọọ̀dù fóònù ẹ gba ọ̀nà kan, ti láptọ́ọ̀pù gba ọ̀nà míì, kọ̀ǹpútà wá wo àwọn nọ́ńbà náà, ó ní wọn ò jọra.

Unicode fúnra ẹ̀ ti ṣe ojútùú ẹ̀, NFC lorúkọ ẹ̀. Ohunkóhun tí ẹni tó kọ ọ́ bá lò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, NFC á sọ ọ́ di oríṣi kan. Sọ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ di NFC, sọ èyí tí wọ́n ń wá náà di NFC, kó o wá fi wọ́n wéra. Ìlà 2 tàbí 3 ni, púpọ̀ èdè kóòdù ti ní in nínú. O ò nílò láti yọ àmì kankan. Ẹni tí kì í fi àmì kọ̀wé, tó fẹ́ kí "oko" bá òun rí gbogbo ẹ̀, ẹ lè ṣe ìyẹn ní patch ọ̀tọ̀ tí èèyàn lè tàn tàbí kó pa. Kí n má gbàgbé, àwọn kan wà tó ń lo ìlà kékeré tó dúró lóòró lábẹ́ lẹ́tà dípò àmì roboto, NFC ò ní kó ìyẹn mọ́ ọn torí àmì ọ̀tọ̀ pátápátá ni lójú Unicode. Sọ fún wọn nínú àlàyé ẹ pé patch yìí ò kan ìyẹn.

Dá a lóhùn lálẹ́ òní. Kọ ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ sílẹ̀ fún un pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Ó béèrè torí pé kò mọ̀ ni, ìwọ nìkan lo sì mọ̀ ọ́n nínú gbogbo wọn tó wà ńbẹ̀.

BàbáÌbejì:

Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, ó dáa, mi ò sì ní kí àbúrò má tún un ṣe. Àmọ́ mi ò gbà tán. Ẹ jẹ́ ká má sọ ọ́ bíi pé ẹni tó fi nǹkan ránṣẹ́ nìkan ló máa ń ṣàṣìṣe. Mo ti fi patch ránṣẹ́ sí project kan rí, mi ò ní dárúkọ wọn, ohun tẹ́ni tó dá mi lóhùn kọ ni pé kí n lọ kọ́ iṣẹ́ ná kí n tó wá da àwọn láàmú. Kò sọ ibi tí mo ti ṣì í. Ìlà kan yẹn ni, ó sì tì í pa. Mo ní dátà tí mo rà, mo ní òru tí mi ò sùn, ọdún 2 ni mi ò fi fọwọ́ kan kóòdù àwọn aláfẹ́ṣe mọ́. Ìyẹn kì í ṣe àyẹ̀wò o, ìwọ̀sí ni. Màmá tó ń tú kókó tó dẹ̀, ó fi hàn ọmọṣẹ́ pé ibí yìí ló dẹ̀. Èyí tó bú mi yẹn ò fi nǹkan kan hàn mí.

Wọ́n ti mọ̀ ọ́n náà. Linus Torvalds fúnra ẹ̀, lóṣù September ọdún 2018, ó bẹ̀bẹ̀ ní gbangba fún irú lẹ́tà tó máa ń kọ sáwọn tó ń fi kóòdù ránṣẹ́, ó yà fún ìgbà díẹ̀ kó lè ronú sí i, ìgbà yẹn náà ni wọ́n gbé òfin ìwà tuntun kalẹ̀ fún Linux. Tẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ bá lè sọ pé òun ṣàṣìṣe, àwa náà lè sọ ọ́ pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá èèyàn sọ̀rọ̀ kan iṣẹ́ náà.

Àwọn ará Apache, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe kóòdù ọ̀fẹ́, ní òfin kan tí mo fẹ́ràn. Tí ẹnìkan tó lẹ́tọ̀ọ́ ńbẹ̀ bá fi −1 sí kóòdù, ó ti dá a dúró nìyẹn, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí ẹ̀, ìdí tó jẹ mọ́ iṣẹ́. −1 tí kò nídìí, òfo ni, kò dúró. Tí gbogbo project bá lè gba ìyẹn mọ́ra, púpọ̀ nínú wa ò bá má sá lọ.

ỌmọAláró:

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti dá nǹkan padà gbọ́dọ̀ fi ibi tó dẹ̀ hàn. Mo ti jẹ̀bi ẹ̀ rí, ẹnìkan fi àtúnṣe kékeré kan ránṣẹ́ sí wa, mi ò dá a lóhùn fún oṣù 3, nígbà tí mo dé ibẹ̀ ó ti pa àkáǹtì ẹ̀ rẹ́. Mo ṣì ń rántí ẹ̀.

Ohun tó ń ba àwọn tó ń yẹ kóòdù wò lẹ́rù náà wà ńbẹ̀ o. Lóṣù October 2020, ètò kan wà tí wọ́n ti ń fún ẹni tó bá fi pull request 4 (ìyẹn patch tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba òun wọlé) ránṣẹ́ ní ṣẹ́ẹ̀tì, làwọn kan bá ń fi ọ̀rọ̀ asán kún ìwé àwọn project torí ṣẹ́ẹ̀tì, ó pọ̀ débi pé wọ́n ní láti yí òfin ẹ̀ padà láàárín oṣù yẹn náà, kó jẹ́ project tó bá fẹ́ nìkan ló máa kà. Lọ́dún 2020 yẹn náà, àwọn olùwádìí láti yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ fi patch tó ní àléébù ránṣẹ́ sí Linux kí wọ́n lè wò ó bóyá wọ́n á rí i, nígbà tó lu sáwo lọ́dún 2021, Greg Kroah-Hartman, ọ̀kan lára àwọn alábòójútó Linux, ní òun ò gba nǹkan kan látọ̀dọ̀ yunifásítì yẹn mọ́, wọ́n wá padà lọ yẹ ohun tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó wá burú jù ni ti xz lọ́dún 2024. Irinṣẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀ ni, ẹnìkan ṣoṣo ló ń tọ́jú ẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó tiẹ̀ kọ ọ́ síta pé ara òun ò dá. Ẹnìkan wá ń fi patch tó dáa ránṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, àwọn orúkọ kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n ń pariwo mọ́ ẹni tó rẹ̀ yẹn pé ó ń fa ọwọ́, kó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì, títí ó fi fún ẹni tuntun yìí láṣẹ. Lẹni tuntun náà bá ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láti wọ ẹ̀rọ ẹlòmíì, bọ version 5.6.0 àti 5.6.1. Andres Freund tó ń ṣiṣẹ́ lórí PostgreSQL, ètò tí wọ́n fi ń tọ́jú dátà, ló rí i, torí pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ ẹ̀ ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ pẹ̀lú nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá. Ààbọ̀ péré! Bí mo ṣe ka ìtàn yẹn tán, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ariwo lé mi ré nídìí àyẹ̀wò mọ́.

TísàKọ̀ǹpútà:

Mo kàn fẹ́ fi kékeré kún un. Àwọn PostgreSQL ní ohun tí wọ́n ń pè ní CommitFest, oṣù kan tí wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́dún láti yẹ gbogbo patch tó wà nílẹ̀ wò, wọ́n sì ń retí pé kí ẹni tó fi tiẹ̀ sílẹ̀ yẹ ti ẹlòmíì wò. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní project ẹ, ỌmọÒròkí. Mú patch kan tó wà ńbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó dá sí i, gbé e sórí ẹ̀rọ ẹ, dán an wò, kọ ohun tó o rí. O ò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Òkè-Fìà, ibẹ̀ ni mo ti ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó sì yá wọn ju kí wọ́n máa kọ tiwọn lọ.

ỌmọÒròkí:

Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Lálẹ́ tí ÀmìOhùn kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹn ni mo dáhùn. Mo kọ ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ fún un, mo ní kó jọ̀ọ́ kó má bínú pé mo dákẹ́. Kò pé wákàtí 4 tó fi dá mi lóhùn, ó ní òun ń bẹ̀rù pé kí kóòdù yẹn má lọ ba èdè tí òun ò gbọ́ jẹ́ ló jẹ́ kóun béèrè, pé ní èdè tiwọn náà, tí wọ́n bá yọ àmì lórí lẹ́tà, ọ̀rọ̀ míì ló máa ń dà. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti pín in. Orúkọ tí mo yí padà àti kóòdù tí mo tò, mo fi wọ́n sílẹ̀, wọn ò pọn dandan. Ìtumọ̀ mẹ́nù, wọ́n ní ibi ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn, mo ti gbé e lọ síbẹ̀. Wíwá ọ̀rọ̀ nìkan ló kù, gbogbo ẹ̀ ò ju ìlà 5 lọ, mo sì kọ test (kóòdù tó ń yẹ kóòdù wò) tó ní ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ nínú, pẹ̀lú Ọ̀ṣun tí mo kọ ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sáré test yẹn lórí kóòdù mi àtijọ́, ó pupa lójú mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyẹn ni pé ó kùnà. Ká ní wọ́n gbà á wọlé bẹ́ẹ̀ ni o.

Ohun kan ṣoṣo tó tún kọ sí èyí tuntun ni pé àlàyé tí mo kọ sórí patch náà ò tó. Mo ti tún un kọ. Mo tú u sí Yorùbá síbí kẹ́ ẹ lè bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́:

*Sọ lẹ́tà alámì di oríṣi kan kí o tó wá ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi fóònù kọ Ọ̀ṣun kì í rí i tó bá fi kọ̀ǹpútà wá a, torí ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń gbà tọ́jú Ọ̀ yàtọ̀. Patch yìí ń sọ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ àti èyí tí wọ́n ń wá di NFC kó tó fi wọ́n wéra. Kò yọ àmì kankan. Mo dán an wò dáadáa.*

ỌmọAláró:

Ó dáa púpọ̀, mo rí ìdí ẹ̀, mo rí ohun tó ṣe. Nǹkan 2. Yọ "mo dán an wò dáadáa", ẹni tó ń kà á ò mọ bí dáadáa tìẹ ṣe tó. Sọ fóònù tí o lò, sọ kọ̀ǹpútà tí o lò, sọ ọ̀rọ̀ tí o wá. Èkejì, ÀmìOhùn sọ ọ̀rọ̀ ìlà kékeré tó dúró lóòró yẹn, o ò fi sí i.

ỌmọÒròkí:

Mo ti fi méjèèjì sí i. Mo ti yẹ àlàfo ìparí ìlà náà wò, kò sí ìkankan. Mò ń fi ránṣẹ́ báyìí kí iná tó lọ, tí mo bá ṣe tán màá mú patch ẹlòmíì kan tó ti wà ńbẹ̀ láti ọjọ́ 40 tí kò sẹ́ni tó dá sí i, èdè Lárúbáwá ló ń tún ṣe, màá wò ó bóyá ó ṣiṣẹ́ lórí fóònù mi.